Bí A Ṣe Ń Yẹ Receiver Ọdún Àkọ́kọ́ Wò Nígbà Tí Bọ́ọ̀lù Bá Ń Já Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Bí bọ́ọ̀lù méjì bá já bọ́ lọ́wọ́ receiver tuntun (ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sáré lọ mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i) ní ọjọ́ Àìkú kan nínú NFL, líìgì American football, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, wọ́n á ti ní ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọbẹ̀ ilá tán. Púpọ̀ nínú ariwo bẹ́ẹ̀ kì í lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, ọmọ náà kò ní dé ibi tí wọ́n rò. Kéèyàn tó lè mọ èyí tó jẹ́ ibà ọlọ́jọ́ kan yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àìsàn abẹ́nú, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fa ìjábọ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì mọ ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti ṣe kí bọ́ọ̀lù tó dé. Iye ìjábọ́ lásán kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ohun èlò kò pọ̀: ìwé ìkọsílẹ̀ tàbí Excel, fídíò eré, àti sùúrù eré 17 tí ẹgbẹ́ kan ń gbá nínú sáà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pinnu ohun tí ẹ ń kà

NFL fúnra rẹ̀ kì í fi ìjábọ́ sínú àkọsílẹ̀ tó fọwọ́ sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń jókòó ti fídíò ló ń kà á, ojú oníkálukú sì yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí iye méjì tó jìnnà síra fún ọmọ kan náà nínú sáà kan náà, kí kò sì sí ẹni tó parọ́ níbẹ̀.

Ìṣirò wọn tún yàtọ̀. Pro Football Reference ń pín ìjábọ́ sórí gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí ọmọ náà. Pro Football Focus ń pín in sórí èyí tó ṣeé mú nìkan, ìyẹn àwọn tó mú pẹ̀lú àwọn tó já bọ́. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ju bọ́ọ̀lù 100 sí ọmọ kan, ó mú 60, 5 sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́nà kìíní, ìdá 5 nínú 100 ló já bọ́. Lọ́nà kejì, 5 nínú 65 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 8 nínú 100. Ẹ má ṣe mú iye ti ilé-iṣẹ́ kan lọ fi wé ti èkejì. Ọ̀nà kejì ló dára jù fún iṣẹ́ tiwa, torí kò sí bí a ṣe fẹ́ bá ọmọ wí lórí bọ́ọ̀lù tí quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́) jù sórí àwọn òǹwòran.

Tí ẹ bá fẹ́ fúnra yín kà á, ẹ di òfin kan mú, ẹ má sì yí i padà láàárín sáà. Ìjábọ́ ni bí bọ́ọ̀lù bá ba ọwọ́ méjèèjì, tàbí ìbá bà wọ́n bí ọmọ náà bá sáré bó ṣe yẹ, tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò sì tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tàbí apá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ní láti fò tàgbáratàgbára tàbí kó nà gbalaja kí ìka kan tó kàn án, kì í ṣe ìjábọ́. Bọ́ọ̀lù tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbá yọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dì í mú, ẹ kọ ọ́ sí òpó mìíràn. Kò sí ìdajì ìjábọ́ o. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdajì, ojú àánú ló fi ń wò ó nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: fídíò

Eré tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán ní New York máa ń bọ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Èkó. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá yí aago wọn padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó di aago méje. Ẹ fi ìwò àkọ́kọ́ yẹn gbádùn eré, ẹ má kọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ jókòó ti iṣẹ́.

Fídíò tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, kì í jẹ́ kí ẹ rí ibi tí receiver ti gbéra. Èyí tí ẹ nílò ni All-22, tí kámẹ́rà rẹ̀ wà lókè, tó ń fi gbogbo àwọn 22 tó wà lórí pápá hàn. Ẹ wo bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń lọ gan-an, lẹ́ẹ̀kejì ní ìfalẹ̀, kí ẹ lè rí ọwọ́ àti ojú, lẹ́ẹ̀kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan. All-22 jìnnà jù fún ọwọ́, nítorí náà fún ìwò kejì, ẹ lo àtúnfihàn tẹlifíṣọ̀n, tó sábà máa ń sún mọ́ ọn.

Nínú ìwé yín, ẹ kọ ọ̀sẹ̀, down tí wọ́n wà (ìgbìyànjú kìíní, kejì, kẹta tàbí kẹrin láti sún bọ́ọ̀lù síwájú), iye yáàdì tí bọ́ọ̀lù rìn lójú afẹ́fẹ́, ibi tó bá ara (òkè àyà, ìdodo, orúnkún, ẹ̀yìn rẹ̀), bóyá ẹnì kan wà nítòsí, àti ohun tó fa ìjábọ́. Òpó tó kẹ́yìn yẹn ló ni gbogbo iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ló fà á?

Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bọ́ọ̀lù tó bá dé lókè ìdodo, àtàǹpàkò méjèèjì àti ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì ló yẹ kó súnmọ́ra, kí orí bọ́ọ̀lù wọ inú àlàfo tó wà láàárín wọn. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ìdodo, ọmọńdinrín méjèèjì ló ń súnmọ́ra, àtẹ́lẹwọ́ a sì kọjú sókè. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ti ń ṣìnà ni bọ́ọ̀lù tó dé ìdodo gan-an: wọn kò tètè mọ èyí tí wọ́n máa lò nínú méjèèjì, ọwọ́ á wá yí padà nígbà tí bọ́ọ̀lù ti dé. Ẹ wo ìgbọ̀nwọ́ náà. Ó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀, kí apá lè fà sẹ́yìn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń wọlé. Bí apá bá le gbagidi, bọ́ọ̀lù á ta padà bí òkúta tí a jù lu pákó. Kóòṣì tó dúró létí pápá máa ń fi etí mọ̀ ọ́n: bọ́ọ̀lù tó bá àtẹ́lẹwọ́ á dún pàá, èyí tí ìka mú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Ìjábọ́ tí ọwọ́ fà ṣeé wò sàn. Ẹ̀rọ tó ń ta bọ́ọ̀lù jáde wà ní gbogbo ẹgbẹ́, ọmọ tó bá sì ń mú 100 níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìdánrawò, ọwọ́ rẹ̀ á yí padà láàárín sáà kan sí òmíràn.

Ìwọ̀n ọwọ́ ńkọ́? Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní Indianapolis kí draft (ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan) tó wáyé, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Èyí tí kò bá tó ínǹṣì 9, wọ́n á ní ó kéré. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lé orí. Ibi tí ọwọ́ kékeré ti ń dunni jù ni bọ́ọ̀lù tó tutù, tó sì le, nínú òtútù oṣù Kejìlá.

Ojú ló tẹ̀ lé e, òun gan-an ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù. Àwa náà sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ dá fídíò náà dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù kù yáàdì kan kó dé, kí ẹ wo iwájú akoto rẹ̀. Ṣé ó ṣì kọjú sí bọ́ọ̀lù, àbí ó ti yí síwájú láti wo ẹni tó ń bọ̀ wá wó o lulẹ̀? Ẹni tó bá ń sáré kó tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan ni orí rẹ̀ á fi ṣáájú, bọ́ọ̀lù á sì gbá a níka. Irú èyí tó ṣẹlẹ̀ níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni ló ń bí àwọn alátìlẹ́yìn nínú jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí Christian Watson ti Green Bay nínú NFL, ní oṣù Kẹsàn-án 2022 ní Minnesota, ìbá di touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá láti gba àmì) yáàdì 75. Ó ti kọjá ẹni tó ń ṣọ́ ọ pátápátá, ó sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá sáà yẹn kan náà, ó gba touchdown mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí Dallas. Nínú ìwé tiwa, òpó méjì ni eré Minnesota yẹn máa wà: ìjábọ́ tí ojú fà, àti ẹsẹ̀ tó yege.

Lábẹ́ ojú náà ni kí ẹ kọ ti bọ́ọ̀lù tuntun sí. Bọ́ọ̀lù yunifásítì ní ìlà funfun ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ti NFL kò ní. Ja'Marr Chase ti Cincinnati kò gbá bọ́ọ̀lù rárá ní 2020, ó yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà. Nígbà tó padà dé nínú eré ìgbaradì 2021, bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra, ó sì sọ gbangba pé àìsí ìlà funfun yẹn wà lára ohun tó ń yọ òun lẹ́nu. Àwọn èèyàn fi ṣẹ̀fẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sáà yẹn parí, ó ní yáàdì 1,455 àti touchdown 13, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó peregedé jù nínú àwọn tó ń kọlù. Ẹ má ṣe fi eré ìgbaradì kún iye yín.

Bí quarterback bá ń fi ọwọ́ òsì jù ú, bíi Tua Tagovailoa tàbí Michael Penix Jr., ọ̀nà òdì ni bọ́ọ̀lù ń gbà yí. Ẹ fún ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ́ ọn.

Àmọ́ ojú tí kò ríran dáadáa yàtọ̀ sí ojú tó sáré. Minnesota mú Troy Williamson ní ipò keje nínú draft 2005, eré sísá rẹ̀ kò láfiwé. Bọ́ọ̀lù jíjìnnà ló ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, wọ́n sì wá rí i pé kì í lè fojú díwọ̀n bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà sí i tó. Ó lọ ṣe ìdánrawò ojú ní ilé-iṣẹ́ Nike ní Oregon. Kò yanjú, ní 2008 wọ́n tà á fún Jacksonville. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń tètè pàdé ṣáájú bọ́ọ̀lù, tàbí tó ń pẹ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù dé, léraléra, lórí bọ́ọ̀lù tó ju 20 yáàdì lọ nìkan, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àyà. Àwọn kan máa ń dúró kí bọ́ọ̀lù wá bá wọn láyà, wọ́n á wá fi apá gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Ní yunifásítì, ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Nínú NFL, bọ́ọ̀lù ń yára jù, ìbòrí èjìká le, ó sì ń ta padà. Ohun mìíràn ni pé bọ́ọ̀lù tó ń rìn wá bá àyà yín ní yáàdì kan síi láti rìn, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á sì na ọwọ́ gbá a. Ìṣòro yìí ni wọ́n ti sọ nípa Quentin Johnston kí Chargers tó mú un ní ipò 21 ní 2023, ó sì bá a wọ inú líìgì: yáàdì 431 ló ní ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní sáà kejì, ó gba touchdown 8 wọlé. Ó máa ń pẹ́ kí àṣà àyà tó kúrò, torí láti kékeré ló ti wà lára wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ọkàn, èyí tí fídíò kì í fi hàn tààrà. Àmì rẹ̀ ni pé ìjábọ́ kì í dá wá: ọ̀kan á já bọ́, òmíràn á tẹ̀ lé e kí mẹ́ẹ̀dógún ìṣẹ́jú tó kọjá, route (ipa ọ̀nà tí wọ́n ní kó sá) tó mọ̀ á wá dà bíi pé kò mọ̀ ọ́n rí. Nelson Agholor, tí wọ́n bí ní Èkó, tí Philadelphia mú ní ipò 20 ní 2015, wọ irú kòtò yìí. Yáàdì 283 ló ní ní sáà àkọ́kọ́, 365 ní èkejì, bọ́ọ̀lù ń já bọ́, ó sì jẹ́wọ́ fún àwọn oníròyìn pé ìrònú ti pọ̀ jù fún òun. Ní 2017 wọ́n gbé e kúrò létí pápá wá sí slot, ipò tó sún mọ́ àárín pápá, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń tètè dé, tí àyè sì wà fún un. Ó gba touchdown 8 wọlé, ó sì mú bọ́ọ̀lù 9 nínú Super Bowl (eré àṣekágbá NFL) tí wọ́n gbà lọ́wọ́ New England. Ìjábọ́ tún padà wá ní 2019. Àìsàn ọkàn kì í san pátápátá. Ó máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá fi ẹni náà sí ibi tó yẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yọ ti oríire kúrò

Receiver tó dáńgájíá lápapọ̀, nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 bọ́ọ̀lù tó ṣeé mú ló ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tuntun kan lè má rí ju 60 bẹ́ẹ̀ lọ nínú sáà kan. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ìdá 6 gan-an, 3 tàbí 4 ló yẹ kó já bọ́. Ṣùgbọ́n oríire nìkan lè sọ ọ́ di 2 tàbí 6. Nǹkan bí ìgbà 8 nínú 10, àárín 2 sí 6 yẹn ló máa bọ́ sí. Ọwọ́ kan náà, ọdún kan ẹ ó ní ó ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù bíi gọ́ọ̀mù, ọdún kejì ẹ ó ní ìdá 10 nínú 100 ló ń já bọ́.

Nítorí náà, láti 0 dé 6 nínú 60, ẹ má pariwo. 7 tàbí 8, ẹ lọ wo òpó ohun tó fà á. 10 nínú 60 kì í ṣe oríire mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbójú kúrò lọ́wọ́, ẹ wo ẹsẹ̀

Ẹni tó ń lọ sódò ni ìkòkò ń fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kí bọ́ọ̀lù tó lè já bọ́, quarterback ti ní láti rí i pé ọmọ náà wà ní gbangba. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù kan kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé 25 péré ni wọ́n jù sí i kò tíì fi nǹkan kan hàn.

Ẹ pín gbogbo yáàdì rẹ̀ sórí iye route tó sá. Yáàdì 700 lórí route 400 jẹ́ 1.75. Bó bá wà ní 1.0, kò dára, 1.5 ṣeé gbé. Ọmọ ọdún kìíní tó bá dé 2.0, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìjábọ́ dẹ́rù bà yín lórí rẹ̀. Ìjábọ́ ti wà nínú iye yẹn ná, torí yáàdì tó sọnù ti sọnù.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ìwò kẹta. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ quarterback, yáàdì mélòó ló wà láàárín òun àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ? Bó bá jẹ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí tó pọ̀ nínú àwọn route rẹ̀, ó mọ iṣẹ́. Kelvin Benjamin ti Carolina ní yáàdì 1,008 àti touchdown 9 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2014, gbogbo èèyàn ń yọ̀. Ẹni tó bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ á rí i pé gíga ara ló fi ń jẹun: wọ́n ju bọ́ọ̀lù púpọ̀ sí i, ó mú nǹkan bí ìdajì, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Orúnkún rẹ̀ já ní 2015, kò sì tún ní yáàdì 1,000 mọ́ láé. Ìjábọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wúwo ni ó yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ìjábọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó mú, ẹ ṣe sùúrù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi tó já bọ́ sí

Èyí kò gba àkókò. Ìjábọ́ lórí third down (ìgbìyànjú kẹta) sábà máa ń lé ẹgbẹ́ kúrò lórí pápá, torí ní ìkẹrin, wọ́n sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Ti first down kàn ń sọ iṣẹ́ di líle. Èyí tó ta lọ́wọ́ rẹ̀ sókè ló burú jù, torí ẹni tó wà lẹ́yìn lè mú un sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun tí ìjábọ́ ná ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń sọ nípa ọmọ náà. Ọwọ́ kan náà ló já a sílẹ̀ lórí first àti lórí third. Àkókò ló burú.

Ẹ tún wo ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń rìn tó yáàdì 15 lójú afẹ́fẹ́, ẹ má fi í wé ẹni tó ń gba screen, bọ́ọ̀lù kúkúrú tí wọ́n jù sí i lẹ́yìn ìlà tí eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ gé sáà sí méjì

Eré 8 àkọ́kọ́ sí ọ̀tọ̀, 9 tó kù sí ọ̀tọ̀. Ẹ má wo iye ìjábọ́ nínú ìdajì kejì, ó kéré jù. Ẹ wo bóyá ohun tó fà á ti yí padà. Ọmọ tó ń fi àyà gba bọ́ọ̀lù ní oṣù Kẹsàn-án, tó sì ti ń na ọwọ́ ní oṣù Kejìlá, ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un, kódà bí ìjábọ́ rẹ̀ bá pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀.

San Francisco mú Jerry Rice ní ipò 16 ní 1985. Bọ́ọ̀lù ń já bọ́ débi pé àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ń hó lé e lórí ní Candlestick, pápá tiwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó mú bọ́ọ̀lù 10 fún yáàdì 241 lórí Rams. Ọdún tó tẹ̀ lé e, yáàdì 1,570. Davante Adams tiẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀: sáà kejì rẹ̀ ní Green Bay, 2015, ẹsẹ̀ ń dùn ún, bọ́ọ̀lù ń já bọ́, yáàdì 483 pẹ̀lú touchdown kan ṣoṣo ló ní. Ní 2016, touchdown 12. Òwe pé ọmọ tó máa jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ receiver ni ẹnu rẹ̀ pẹ́ kó tó ṣámú.

Ẹ béèrè ìpalára kí ẹ tó parí. Ìka tó yẹ̀ tàbí ọrùn ọwọ́ tí wọ́n dì lè fa gbogbo ìjábọ́ oṣù kan. Àkójọ àwọn tó farapa máa ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi wé ọjọ́ ìjábọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ kọ ìdájọ́ yín

Ìlà mẹ́ta tó. Ìkíní, iye ìjábọ́ lórí bọ́ọ̀lù tó ṣeé mú, pẹ̀lú orúkọ ohun tó fa èyí tó pọ̀ jù. Ìkejì, yáàdì lórí route kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe ń já ara rẹ̀ gbà. Ìkẹta, ohun tó máa yí ọkàn yín padà. Fún àpẹẹrẹ: “7 nínú 62, mẹ́rin jẹ́ ti ojú, kò sí ti jíjìnnà. 1.8 lórí route, ó ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ cornerback àkọ́kọ́ (ẹni tí ẹgbẹ́ kejì fi ń ṣọ́ receiver). Bí ti ojú bá tún ju mẹ́ta lọ nínú eré 8 àkọ́kọ́ sáà kejì, màá dín ìrètí mi lórí rẹ̀ kù.”

Ẹ fi ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti mú ọmọ náà nínú ìpele àkọ́kọ́ draft, àdéhùn ọdún 4 ló ní, ẹgbẹ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìkarùn-ún kún un. Wọ́n á fún un ní àyè ju ẹni ìpele kẹfà lọ, bí ìjábọ́ wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹni ìpele kẹfà, eré 8 yẹn lè má pé tí wọ́n fi já a sílẹ̀, nítorí náà eré 4 ni kí ẹ fi sí tirẹ̀.